Èémí Kan Nínú Àgọ́ Yanrìn

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó kọ́, mo kí yín. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ò mọ̀wé. Sẹ̀kínátù, ọmọ ọmọ mi, ló jókòó tì mí tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ òun nílé ìwé ń bi ara wọn pé, bí ìwé ò bá gbà, iṣẹ́ wo ló kù. Ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ sọ tiyín fún wọn. Kò sí obìnrin mìíràn ní Ṣábẹ̀ẹ́ tó fi yanrìn bó ọkọ̀ títí irun rẹ̀ fi funfun." Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ìyẹn ni mo ṣe gbà. Mo gbà torí bàbá rẹ̀, Bàsírù ọmọ mi, tó wà nídìí iṣẹ́ náà báyìí. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni ìkíni rẹ̀ láàárọ̀ ti ń kúrú, àyà mi sì ń já. Bí n kò bá ti ìbẹ̀rẹ̀ sọ ọ́, ẹ ó ní arúgbó ń ṣàròyé lásán.

Sẹ̀kínátù ti gbé bíìkì tó fi ń kọ̀wé sókè, ó ń wò mí. Kọ ọ́, ìyá mi. Má torí pé bàbá rẹ ni kí o fò ó kọjá.

Iṣẹ́ náà rèé. Ọkọ̀ àtijọ́, irú èyí tí imú rẹ̀ gùn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto, bó bá pẹ́ nínú òjò, ìpẹtà á máa jẹ ẹ́ láti abẹ́ ọ̀dà. Lójú, ọ̀dà ṣì ń dán. O fi ìka tẹ̀ ẹ́, ìka wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tún di ọkọ̀, ó gbọ́dọ̀ bó ọ̀dà àti ìpẹtà rẹ̀ kúrò pátápátá, títí irin yóò fi funfun bí eyín ọmọdé. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ló ń ti yanrìn gba inú rọ́bà gígùn kan. Yanrìn á fi agbára tú jáde lẹ́nu irin kékeré tó wà ní ìparí rọ́bà, á sì máa gé ọ̀dà jẹ. Inú àgọ́ la ti ń ṣe é, àgọ́ tí a fi aṣọ báàṣì ṣe, irú èyí tí wọ́n fi ń bo ẹrù lórí ọkọ̀ akẹ́rù, kí eruku má bàa dé ọ̀dọ̀ ará ilé. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà.

Yanrìn ló gbé mi débẹ̀. Ọmọ Kabùà ni mí. Mò ń wa yanrìn létí odò Ọ̀pàrà, mò ń jọ̀ ọ́, mò ń tà á fún àwọn tó ń mọlé. Ọ̀gá Músílíù, ọkùnrin Ṣakí kan tó sọdá bodè láti Nàìjíríà lọ́hùn-ún, tó dá ọgbà iṣẹ́ sílẹ̀ nítòsí ojú irin rélùwéè, wá wo yanrìn mi. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó ń dà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú atẹ́gùn, ó ń wo ohun tí atẹ́gùn máa gbé lọ. Atẹ́gùn ò rí nǹkan gbé.

Ó ní, "Ta ló jọ èyí?"

"Èmi náà ni."

"Kí ló dé tí o fi jọ̀ ọ́ tó báyìí? Ṣebí ilé ni wọ́n fẹ́ fi mọ."

Mo ní, "Bó bá jẹ́ ilé ìyá mi ni wọ́n fi mọ ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa bọ̀ lọ́la. Bí mo ṣe di ẹni tó ń jọ yanrìn fún un nìyẹn. Ohun tó ń san fún mi kò pọ̀, ebi náà ò sì pa mí. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Mo jọ yanrìn títí ó fi sú mi. Mò ń rí bí ọkọ̀ tó pọ́n bí ilẹ̀ ṣe ń wọ àgọ́ lọ tí yóò sì jáde ní funfun, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Mo lọ bá ọ̀gá pé kó kọ́ mi. Fránsúà, àgbà ọmọ iṣẹ́, fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú fún ẹ̀rín.

"Ìyá Oníyanrìn fẹ́ dé akoto! Gèlè ńkọ́?"

Mo ní, "Gèlè mi ń bẹ nílé. Akoto tìrẹ ni kí o yọ̀ǹda, orí rẹ ò ṣáà kún un."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àfi ọ̀gá. Ọ̀gá ní, "Ẹni tó mọ ohun tí kò yẹ kó wà nínú yanrìn, ó lè mọ ohun tí kò yẹ kó wà lára irin. Kí ó wọlé."

Ọ̀gá Músílíù le. Ó le ju irin lọ, torí irin a máa rọ̀ bí iná bá kàn án. Kí a tó fi yanrìn kan ọkọ̀, a ó tú gbogbo gíláàsì rẹ̀, a ó yọ àga, a ó yọ táǹkì epo, a ó sì gbé e jìnnà réré, torí yanrìn tó ń gbá irin a máa ta iná. Ó máa ń fi imú gbóòórùn ọkọ̀ bí ajá, ó ní, "Bí epo bá ṣẹ́kù níbẹ̀, kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ló máa bó." Yanrìn gbọ́dọ̀ gbẹ. Orí àpáta pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn ọgbà la ti ń sá a, bí àwọn obìnrin ṣe ń sá ẹ̀gẹ́. Bó bá tutù, á dì sínú rọ́bà. Rọ́bà tó dì, tí afẹ́fẹ́ ń tì í lẹ́yìn, ejò ni: bó bá já, kò mọ ẹni tí yóò nà.

Ẹ̀kọ́ tó pẹ́ jù kó tó wọ̀ mí lára ni ti ọwọ́. Abẹ́ ọkọ̀ nípọn, o lè jẹ́ kí afẹ́fẹ́ le níbẹ̀. Ṣùgbọ́n orí ọkọ̀ àti ìdérí ẹ́ńjìnnì fẹ̀, irin ibẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Bí o bá dojú yanrìn kọ ọ́ tààrà, tí o dúró lójú kan, á gbóná, á wú bí àkàrà, kò sì sí òòlù tó lè bẹ̀ ẹ́ kó padà. Ńṣe lo máa dín afẹ́fẹ́ kù, kí o fà sẹ́yìn, kí o dẹ ẹnu rọ́bà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ọwọ́ rẹ sì máa lọ bí ọwọ́ ẹni tó ń gbálẹ̀. Ọ̀gá á dúró sẹ́yìn báàṣì pẹ̀lú ọ̀pá. Kò rí wa, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ń gbọ́ ìró yanrìn lára irin. Bí ìró yẹn bá pẹ́ níbì kan, á fi ọ̀pá gbá báàṣì: "Ọwọ́ rẹ ti sùn! Jí i!"

Irin tó ti bó, o ò gbọdọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ lásán kàn án. Òógùn rẹ á hàn níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ìka márààrún, pípọ́n. Kí oòrùn tó wọ̀, a gbọ́dọ̀ ti kun ọ̀dà ìsàlẹ̀ sí gbogbo ibi tí a bó, torí ìpẹtà kì í sùn. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ kì í fẹ́ dúró. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun ni ẹ̀wọ̀n iṣẹ́ yìí: irin tó wà níhòòhò ń pè ọ́, àárẹ̀ yòówù kó mú ọ.

Akoto ayé ìgbà náà, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló rán an. Aṣọ báàṣì ni, ó bo orí dé èjìká. Gíláàsì kékeré wà níwájú, rọ́bà tín-ín-rín kan sì ń gbé afẹ́fẹ́ mímí wọlé láti ẹ̀yìn. Bí o bá dé e, èémí ara rẹ nìkan lò ń gbọ́, hàà, hàà, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé e, mo fẹ́ sá jáde. Irọ́ ò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èémí ló gbé wa dé orí ìkíni.

Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó wọ àgọ́, á kọ́kọ́ kí ọ̀gá. Kì í ṣe ìkíni tí ẹ̀ ń sáré kí lójú ọ̀nà yìí. Àwọn ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, èmi á kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, a ó fa èémí kan ṣoṣo, a ó wá bẹ̀rẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ ọ̀gá, ṣé dáadáa lẹ jí, ṣé ara le, ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́, ìyá ńkọ́, iṣẹ́ àná ńkọ́, tòní á sàn jù ú lọ, irin ò ní mu ẹ̀jẹ̀ wa, iná ò ní rí wa, bí a ṣe wọlé la ó ṣe jáde." Lẹ́yìn náà lo máa dárúkọ ara rẹ, orúkọ bàbá rẹ àti ìlú rẹ, láìtíì mí èémí kejì. Ẹni tó bá mí kó tó dé orúkọ ìlú rẹ̀, kò ní wọ àgọ́ lọ́jọ́ náà. Yanrìn ló máa lọ jọ̀.

Fránsúà gbìyànjú àrékérekè. Ó lẹ ọ̀rọ̀ mọ́ra, ó ń sáré sọ ọ́ vù-ù-ù bí ẹ̀rọ ìlọta.

Ọ̀gá ní, "Ta lò ń kí, èmi àbí ẹ̀fọn? Padà sẹ́nu ọ̀nà."

Àárọ̀ kan wà tí ọ̀fìnkìn mú mi. Èémí mi já níbi "iṣẹ́ àná ńkọ́". Ọ̀gá nawọ́ sí asẹ́. Inú bí mi, mo ní, "Ọ̀gá, mo lè wọlé."

Ó ní, "Mo mọ̀ pé o lè wọlé. Jíjáde ni mò ń wò."

Ìgbà yẹn ló tó là á yé wa. Bí ẹ̀rọ bá kú nígbà tí èèyàn wà nínú àgọ́, afẹ́fẹ́ mímí á dúró nínú akoto, eruku á sì ṣú bo gbogbo ibẹ̀. Èémí kan ṣoṣo lo ní láti ti yanrìn pa, kí o fọwọ́ tọ ara ọkọ̀ dé ẹnu àgọ́. Ìkíni náà gùn ju ìrìn yẹn lọ díẹ̀. Ẹni tí èémí rẹ̀ bá dé òpin ìkíni, á dé ìta.

Nígbà tí mo lóyún Bàsírù, ọ̀gá ò jẹ́ kí n sún mọ́ àgọ́ rárá. Nígbà tí mo bí i tán tí mo padà, ó ní n kò gbọdọ̀ fi aṣọ iṣẹ́ gbé ọmọ, kí n wẹ̀, kí n fọ irun, kí n tó fún un lọ́mú. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, nígbà mìíràn bí oorun bá dá lójú mi, mo máa ń ronú pé bóyá eruku kan fara pamọ́ sábẹ́ èékánná mi. Ìyá ò ṣe é bi léèrè ìgbà tí ẹ̀rù rẹ̀ máa tán.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí gbogbo wa ti fọ́jú.

Àwa là ń kí ọ̀gá. Ọ̀gá kì í kí wa. Ọmọdé ló ń kí àgbà, bí wọ́n ṣe bí wa bá a nìyẹn. Ọ̀gá á kàn dáhùn ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ gùn: "Ẹ kú o, ẹ̀yin ọmọ mi, a dúpẹ́, ará ilé wà, iṣẹ́ á yẹ wá, ẹ dìde." Ó pẹ́ díẹ̀, ó di "A dúpẹ́, ẹ dìde." Ó tún pẹ́, ó di "Ẹ dìde." Nígbà tó yá, ó di "Hùn," ó sì ń juwọ́. Kò sí ẹni tó fura. A ní ọ̀gá ti dàgbà, pé ẹnu àgbà kì í rin jù. Fránsúà tilẹ̀ ń sín in jẹ, á wú àyà, á ní "Hùn," a ó sì máa rẹ́rìn-ín. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ojú wa ló ṣe wọlé, a sì ń pè é ní iyì.

Àsìkò ọyẹ́ ni. Ìdílé kan ní Kabùà gbé ọkọ̀ bàbá wọn wá, ọkọ̀ àtijọ́ tó fi kó èrò nígbà ayé rẹ̀. Orí ọkọ̀ náà ti fẹ́lẹ́ gan-an, ọ̀gá ní kò sí ẹni tí òun máa gbé e fún, òun fúnra òun ló máa bó o. Ó dé akoto, ó wọlé. Èmi ń da yanrìn, Fránsúà ń ṣọ́ ẹ̀rọ. Ìró yanrìn ń lọ, ó dùn létí, kò dúró níbì kan. Ni ẹ̀rọ bá sín lẹ́ẹ̀kan, ó sì kú.

Ẹ̀rù ò bà wá. Ṣebí a mọ ohun tó kàn: ọ̀gá á ti yanrìn pa, á rìn jáde, á sì bú Fránsúà. Fránsúà ti ń tọrọ àforíjì sílẹ̀. A dúró. Báàṣì ò mì.

Fránsúà ní, "Àbí ọ̀gá ń kí ọkọ̀ ni?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Mo wo ojú rẹ̀, ó wo ojú mi, ohun kan ṣoṣo ló wá sí ọkàn àwa méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà: ìgbà wo la ti gbọ́ kí ọkùnrin yìí sọ̀rọ̀ gígùn kẹ́yìn? Mo fi ìborùn di imú, mo wọlé. N kò rí nǹkan. Mo fọwọ́ tọ ara ọkọ̀ títí mo fi kan èjìká rẹ̀. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, ó ti já akoto sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ibi tó wà sí ẹnu àgọ́ kò jìnnà ju ibi tí mo wà yìí sí ibi ìkòkò omi yẹn lọ. Fránsúà bá mi fà á jáde.

Kò kú lọ́jọ́ náà. Dókítà ní kì í ṣe eruku ọjọ́ yẹn. Ó ní yanrìn odò, bó bá fọ́ lára irin, a máa di ìyẹ̀fun tó kéré ju èyí tí ojú lè rí lọ, ó sì mú bí ìgò. Bó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, kì í jáde mọ́, á máa sọ ibẹ̀ di ẹran líle títí èémí ò fi ní ríbi wọ̀. Ó ní ó ti pẹ́ lára ọ̀gá, kò sì sí oògùn tó lè kó o jáde. Ó ní bí wọ́n bá tètè mọ̀, kí ẹni náà fi eruku sílẹ̀ ni, kó má bàa burú sí i.

Mo lọ jókòó ti ọ̀gá lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé rẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ti mọ̀ lára yín. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

Ó mí, ó tún mí. Ó ní, "Ta ni... ǹ bá... kí?"

Wọ́n gbé e lọ sí Ṣakí, ibẹ̀ ló ti lọ bá àwọn baba rẹ̀.

Ọwọ́ èmi àti Fránsúà ni ọgbà bọ́ sí, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì ní èmi ni kí n ṣe olórí. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo lé yanrìn odò jáde. Èmi tí yanrìn odò gbé débẹ̀! A bẹ̀rẹ̀ sí í ra yanrìn dúdú tó ń ti Kùtọ́nú wá nínú àpò, èyí tí wọ́n ní ó wá láti ìdí iná àwọn tó ń yọ́ irin. Òun náà ní eruku tirẹ̀, kò sí eruku tó dára láti mí, ṣùgbọ́n ti odò ló burú jù. Lẹ́yìn náà la rí akoto gidi, tí rọ́bà afẹ́fẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀rọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, tó fi jẹ́ pé bí èyí tó ń ti yanrìn bá kú, èémí rẹ ń bẹ. Àwọn kan ti ń fi omi pò ó báyìí kí eruku má bàa gbéra.

Ohun kejì tí mo ṣe ni ìkíni. Bí àwọn ọmọ iṣẹ́ bá ti kí mi tán, èmi olórí á kúnlẹ̀ fún Fránsúà, n ó kí i láti "ẹ káàárọ̀" dé "Kabùà", ní èémí kan. Àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà ń patẹ́wọ́ hàà: àgbà ń kúnlẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́! Fránsúà ò fi ṣe eré kékeré. Á na ẹsẹ̀, á ní, "Wàá dàgbà, ọmọ mi."

"Fránsúà, n ó da yanrìn sí ọ lẹ́nu."

"Ọmọ yìí ò lẹ́kọ̀ọ́. Ta ló bí i?"

Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí èémí mi já níbi "iná ò ní rí wa", tí ó sì tún já lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta, ó dìde, kò ṣeré mọ́. Ó ní, "Ìyá Oníyanrìn, ó tó." Mo bọ́ akoto sílẹ̀, mi ò dé e mọ́. Fránsúà náà padà sí oko rẹ̀ ní Sàkín. Èmi sì fa ọgbà lé Bàsírù lọ́wọ́, ẹni tó ti kọ́ iṣẹ́ náà lábẹ́ mi láti ìgbà tó ti gbọ́njú.

Bàsírù mọ iṣẹ́ jù mí lọ. Mi ò sọ ọ́ lójú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n Sẹ̀kínátù ti kọ ọ́ báyìí. Ohun kan ṣoṣo tí kò gbà ni kí òun dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́. Ó ní, "Ìyá, ayé yín lẹ ti ṣe ìyẹn. Bí mo bá ṣe é, wọn ò ní gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́." A jà sí i. Níkẹyìn a fẹnu kò pé èmi ni yóò máa kí, lẹ́nu ọ̀nà mi, kó tó lọ síbi iṣẹ́, ní kíkún, ní èémí kan. Ìyá kì í kéré jù fún ìdọ̀bálẹ̀. Ó ń ṣe é. Ohùn rẹ̀ máa ń jí àwọn adìyẹ.

Ọyẹ́ ọdún yìí ló yí i padà. Ó kọ́kọ́ fò "iṣẹ́ àná ńkọ́". Mo ní ó ń kánjú ni. Ó tún wá di pé ó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, kò dọ̀bálẹ̀ mọ́, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Lẹ́yìn náà, orí alùpùpù ló ti ń kí mi, ẹ̀rọ ń dún, ó ní "Ìyá, ẹ káàárọ̀ o!" ó ti lọ. Mo ń bi ara mi pé ṣé bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣe ń kíni náà nìyẹn, tí kò sí àrùn níbẹ̀? Gbogbo wọn náà kúkú ni, bọ́ńsúù ti àwọn Faransé, ó tán. Mo bi Sẹ̀kínátù pé ṣé bàbá rẹ̀ ń wúkọ́. Ó ní rárá. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó máa ń dúró díẹ̀ lórí àtẹ̀gùn."

Mo ní n ó fojú ara mi rí i.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ọkùnrin kan láti Kùtọ́nú gbé ọkọ̀ àtijọ́ kan wá, ó fẹ́ ẹ kíákíá fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Lánàá, mo ní kí Sẹ̀kínátù mú mi lọ wo ọgbà. Mo gba ẹ̀yìn wọlé, níbi àpáta. Mo rí yanrìn odò níbẹ̀ tí wọ́n sá, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nínú oòrùn.

Mo lọ jókòó sẹ́nu àgọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń kí mi, báàṣì ni mò ń wò. Nígbà tó jáde, tó bọ́ akoto, tó rí mi, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, kí lẹ wá ṣe nínú eruku?"

"Yanrìn odò ń ṣe kí ni lórí àpáta?"

"Dúdú ò tètè dé láti Kùtọ́nú. Abẹ́ ọkọ̀ nìkan ni mo fi ń bó, Ìyá. Akoto tuntun sì wà lórí mi."

"Láti ìgbà wo?"

Ó ń wo ilẹ̀. "Láti ìgbà òjò."

Mo ní, "Kí mi."

"Ìyá, ọkọ̀ wà níhòòhò níbẹ̀, oòrùn ń lọ..."

"Bàsírù, kí mi."

Ó wo àwọn ọmọ iṣẹ́, ó wò mí. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú yanrìn. Ó bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ le, ọkàn mi ń tẹ̀ lé e bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ń rìn lórí ògiri: ṣé dáadáa lẹ jí, ṣé ara le, ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́. Ibẹ̀ ló já. Ó ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ló gbàgbé. Ó tún fa èémí, ó tún bẹ̀rẹ̀, kò tilẹ̀ dé "ọmọ" mọ́. Ẹnì kan lọ pa ẹ̀rọ láìjẹ́ pé wọ́n rán an.

Bàsírù dìde, ó ń gbọn yanrìn nù. Ó ní, "Ìyá, ẹ dójú tì mí lójú ọmọ iṣẹ́."

Mo ní, "Ojú tó tì sàn ju ojú tó dì lọ. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbé ọ̀dà ìsàlẹ̀ wá. Ibi tó ti bó ni kí ẹ kùn, kí ẹ fi ibi tó kù sílẹ̀."

Wọn ò mira. Ọ̀gá wọn ni wọ́n ń wò. Gbogbo wa ń wò ó. Mo ń bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kó má jẹ́ kí ìgbéraga ọkùnrin yìí borí rẹ̀ lójú mi, torí mi ò ní agbára tí mo lè fi dì í mú. Ó wá bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún, ó bọ́ tòsì, ó gbé wọn lé orí àga. Ó ní, "Ẹ kùn ún." Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí yanrìn. Wọ́n kun ọ̀dà ìsàlẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Ìdajì ọkọ̀ náà pupa nínú ọ̀dà ìsàlẹ̀, ìdajì wà nínú ọ̀dà rẹ̀ àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ló ṣe dúró níbẹ̀ di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Olówó ọkọ̀ ń pè lórí fóònù. Kó máa pè.

Ilé ìwòsàn Paraku la ń lọ lónìí, kí wọ́n ya àwòrán àyà Bàsírù. Mi ò mọ ohun tí wọ́n máa rí. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú.

Sẹ̀kínátù ń bi mí pé kí ni kí òun wá kọ fún àwọn ẹgbẹ́ òun, ṣé kí wọ́n kọ́ iṣẹ́ yìí àbí kí wọ́n má kọ́ ọ. Iṣẹ́ tó dára ni. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ gé tà fún àwọn onírin, tó padà ń dán lójú ọ̀nà, inú mi dùn bí ẹni tó jí òkú. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gba ọ̀gá kan, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnì kan wà nínú ọgbà rẹ̀ tó lè sọ fún òun náà pé ó tó. Bí kò bá sí, ẹ yáa máa lọ, ì báà ṣe iṣẹ́ yìí tàbí òmíràn.

Ó tó. Mo gbọ́ ohùn Bàsírù níta, ó ń bèèrè ibi tí mo wà. Fún mi ní ìborùn mi, Sẹ̀kínátù. Wọ́n ní kí n jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, pé ibẹ̀ ló tù mí lára jù. Rárá. Ẹ̀yìn ni mo fẹ́, kí n jókòó tì í, kí n lè máa gbọ́ èémí rẹ̀.